Orúkọ Márùn-ún Tí Mo Fi Kún Ti Hájíà

Èmi ni mo kọ́ ìjọba òyìnbó kan bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kìíní, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ rárá, ṣòkòtò wọn ló fún jù. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún ti ń kanlẹ̀, àmọ́ ẹnu kò là. Lọ́jọ́ kẹta, olórí wọn fúnra rẹ̀ tẹ̀ mí láago láti òkè òkun, ó ní, "Baba, ṣé bó ṣe yẹ kó rí rèé?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀. Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀ sí i." Lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Kalley ní Niamey ni mo jókòó sí tí gbogbo èyí fi ń ṣẹlẹ̀, mo sì ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Igi máńgòrò tí mo gbìn lọ́jọ́ tí mò ń lọ ti so, ó ti gbó, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fi ṣe ilẹ̀kùn, ikán sì ti jẹ ilẹ̀kùn náà tán. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Tíṣà wa fẹ́ràn ẹgba ju ìwé lọ, èmi náà sì fẹ́ràn ara mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe pínyà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Niamey ló ránṣẹ́ pé kí n wá. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo ṣáà dé.

Ooru ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Lóṣù tí mo dé yẹn, ẹyin bíbọ̀ ni adìyẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń yé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bó o, tí mo bá iyọ̀ lára rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe irọ́ níbẹ̀ ni pé mo sunkún nítorí omi. Omi ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná ni, èmi sì ń ronú omi ìkòkò ìyá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó máa ń ta èèyàn léyín.

Àmọ́ ooru kì í pa àjèjì. Ohun tó ń pa á ni pé kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Nílé wa, kí n tó rìn láti ojúlé wa dé ìdí igi ọ̀pẹ, ẹni mẹ́fà á ti pè mí ní ọmọ Làmídì. Wọ́n á bú mi pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á gbé mi gẹ̀gẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní Niamey, mi ò jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Bàyárábè ni mò ń jẹ́, ìyẹn ni pé Yorùbá, lẹ́nu Haúsá. "Bàyárábè, èló ni èyí?" "Bàyárábè, ṣé kò ní ṣí?" Bí ẹni ń pe ewúrẹ́ ní ewúrẹ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, màá lọ dúró létí odò. Odò Ọya yìí kan náà tí a mọ̀ ní Jẹ́bà ló gba àárín Niamey kọjá. Màá kí i, màá ní kó bá mi kí ìyá mi. Ìyá mi ò gbé Jẹ́bà, kò tiẹ̀ dé Jẹ́bà rí, àmọ́ mo mọ̀ pé odò ò ní bi mí léèrè àdírẹ́sì.

Mo kọ́ Haúsá lọ́jà, mo kọ́ Zarma lẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, mo kọ́ díẹ̀ nínú Faransé níbi tí wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìgbélùú. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹni tí kò bá ní ìran nílùú, ó yẹ kó ní ìtàn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Mo ní erinmi kan jáde látinú odò, ó bọ́ sí takisí tí mo wọ̀, ó ní kí wọ́n já òun sí àdúgbò Poudrière. Mo ní mo ta aṣọ fún àgùnfọn kan, ọrùn nìkan gba ọ̀pá mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúró, wọ́n á sì ra aṣọ. Wọ́n sọ mí ní Baba Mài Káryà, ìyẹn Baba Onírọ́, mo sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Hájíà Màríyà, onílé mi, ni. Opó ni. Haúsá ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Kọ́nì, lápá ẹnubodè Nàìjíríà. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, nítorí náà "ìwọ" ló ń pè mí, èmi sì ń kúnlẹ̀ kí i, orúnkún mi ì báà dùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ ìbòòji ilé, ó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Mo gbọ́ tó ń pe orúkọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

"Kóráù. Máríkà. Tánkò. Gámbò. Anarúwà. Bármò. Àjújì."

Mo ní, "Hájíà, àwọn wo lẹ̀ ń pè? Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè wọ́n, ohùn mi ròkè ju tiyín lọ."

"Wọn ò lè gbọ́," ó fèsì, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀wà. "Ṣọ́jà òyìnbó ló pa wọ́n."

Ó wá rò ó fún mi. Ó ní ìyá ìyá òun ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tí àwọn ṣọ́jà yẹn gba ilẹ̀ wọn kọjá, tí wọ́n ń lọ síhà Chad. Òyìnbó ni ọ̀gá wọn. Bí wọ́n bá dé ìlú, wọ́n á ní kí ìlú gbé omi wá, kí ó gbé oúnjẹ wá, kí ó fa ọkùnrin tó máa rẹrù kalẹ̀. Ìlú tó bá lọ́ra, wọ́n á pa á, wọ́n á sì sun ún. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ọmọbìnrin náà bọ inú àká, wọ́n da jéró bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó rìn yí abúlé ká, ó ń wo ojú àwọn tó wà nílẹ̀. Àwọn tí iná jó, kò mọ̀ wọ́n. Méje ló dá mọ̀.

"Méje yẹn ló kọ́ ìyá mi," Hájíà ní. "Ìyá mi kọ́ mi. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ yọ kúrò, a ò sì gbọ́dọ̀ fi kún un, torí pé ojú ara rẹ̀ ni ìyá òun fi rí i."

"Ta ni Àjújì?"

"Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọwọ́. Àwọn tí ìyá wọn bí láàárín àwọn méjèèjì ń kú. Wọ́n wá gbé e sórí ààtàn, wọ́n fi ààtàn sọ ọ́ lórúkọ, kí ikú lè kórìíra rẹ̀."

Mo ní, "A ní i nílé wa. Ààtàn náà là ń pè é."

Ó gbójú sókè. "Gámbò ńkọ́? Òun ló tẹ̀lé ìbejì."

"Ìdòwú nìyẹn. Orí kunkun."

"Orí kunkun!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òun náà nìyẹn. Wọ́n ní òun ló kọ̀ tí kò sá." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Bàyárábè mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ ò lè mọ ohun tí "mi" kékeré yẹn jẹ́. Ó tó ilé kan.

Lọ́jọ́ náà ni mo bi í pé kí ló ń fẹ́. Ó ní ọ̀gá ṣọ́jà tó ṣe é, ibojì rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn Màrádì lọ́hùn-ún títí dòní, àwọn èèyàn ń lọ wò ó. Àwọn tòun, jéró ni wọ́n gbìn lé wọn lórí. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fún mi ní ohunkóhun. Kí orúkọ wọn wọ ìwé, kí ìjọba tó pa wọ́n sì fi ẹnu ara rẹ̀ kà á kí n tó kú. Kí wọ́n kà á, ó tán."

Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́jà ibí gba ìjọba. Àwọn ìlú tó yí wa ká ti ẹnubodè pa, Nàìjíríà wà lára wọn. Iná mànàmáná tó ń ti Nàìjíríà wá náà, wọ́n pa á. Aṣọ ò wọlé mọ́. Oníbàárà mi kan, ọmọ àdúgbò Dar es Salam ní Niamey níbí, tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi fún bí ogún ọdún, wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń làágùn.

"Bàyárábè, ìlú yín pa iná wa."

Mo ní, "Èmi ni mo pa á. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo ti na ọwọ́ dé ibi bọ́tìnnì."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irọ́ mi yóò jáde tí kò rí ibi wọ̀ sí. Ó wò mí títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún tí mo ti fi pa ìtàn, mo rò pé ilé ni mò ń kọ́. Àṣé àtíbàbà ni.

Ní Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Gàníyù àbúrò mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀ nílé o. A gbọ́ lórí rédíò pé ogun lè dé."

"Ilé wo?"

"Ilé bàbá wa náà ni. Yàrá yín ṣì wà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Àgbàdo ni. Àmọ́ a lè kó o kúrò."

Mo bi í léèrè Rámónù. Ó ní ó ti kú. Bùráímọ̀ ńkọ́? Ó ní, "Háà, Bọ̀dá mi, ẹ ò rántí? Ẹ fi aṣọ ránṣẹ́ sí òkú rẹ̀." Gbogbo ẹni tí mo bá dárúkọ, abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo wá ń rò ó. Nílé, gbogbo àwọn tó mọ̀ mí ti di òkú. Ní Niamey, gbogbo àwọn tó mọ̀ mí wà láàyè, àmọ́ mi ò ní òkú kankan níbẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàápàá ti padà sílé kó tó kú. Níbi tí èèyàn ò bá ti ní òkú, àlejò ni, kódà bó lo ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àárín ìgbà yẹn ni Madame Ramatou wọ agboolé wa. Ọmọ Zarma ni, lọ́yà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíràn. Àwọn ìlú tí wọ́n sun nígbà náà ti para pọ̀, wọ́n ní òun ni kó kó ẹ̀rí wọn jọ láti fi ránṣẹ́ sí ìjọba òyìnbó náà. Ó gbé fóònù síwájú Hájíà, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń pe àwọn méje, àti ẹ̀wà tó ń ró nínú àwo.

Nígbà tó ń mu omi, mo ní, "Ọmọ mi, kí tiẹ̀ ni ìjà yín gan-an? Ṣé wọ́n ní àwọn ò pa wọ́n ni?"

"Rárá, Baba. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ń jà lé lórí. Àwa ní jénósíìdì ni, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ run ìran kan kúrò láyé. Àwọn ní rárá, pé àṣejù ọ̀gá ṣọ́jà kan tàbí méjì ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà bẹ̀bẹ̀."

"Wọn ò lè bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò lórúkọ. Bí wọ́n bá sì fún un lórúkọ yẹn níbí, gbogbo ibi tí wọ́n ti jọba ni wọ́n ti máa ní, àwa náà ńkọ́?" Ó nu ẹnu rẹ̀. "Tiwa náà ò yàtọ̀, Baba. Bí àwọn tó wà lórí oyè bá ń bá òyìnbó ṣọ̀rẹ́, wọ́n á ní kí n rọra. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ní kí n pariwo. Òkú kan náà ni o. Ọjọ́ tí wọ́n bá wúlò ni wọ́n ń jí wọn."

Ọ̀rọ̀ náà rẹ̀ mí. Ó rẹ òun náà. Ó fi fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀, pé kí a kọ orúkọ àwọn òkú sí i, kí Hájíà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Hájíà nà án sí mi.

"Bàyárábè mi, ìwọ lo mọ̀wé. Kọ ọ́."

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ọ́ gírígírí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Méje pé. Àmọ́ ìlà méjìlá ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Ìlà márùn-ún ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tajà rí, ẹ mọ bí pẹpẹ tó ṣófo ṣe máa ń rí lójú oníbàárà. Á ní ọjà ti tán nílé ẹni yìí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Gbogbo ohun tí Madame sọ, mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjà ni wọ́n ń ná. Àwa pe jénósíìdì, àwọn ní àṣejù. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́? Iye tí a bá kọ́kọ́ pe aṣọ, òun kọ́ la máa tà á. A máa ń fi ohun tí oníbàárà máa ná kúrò lé e lórí ni, kó lè lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn, kí àwa náà sì gba iye tó tọ́ sí wa. Ẹni tó bá pe ojú owó lẹ́ẹ̀kan, òmùgọ̀ ni, wọ́n á ná an dé ìhòòhò. Mo ní nínú ara mi pé bí a bá pe méje, wọ́n á ná an dé mẹ́ta. Bí a bá pe méjìlá, a ó bọ́ sórí méje. Mo fẹ́ gba ti Hájíà sílẹ̀ ni.

Orúkọ wo ni màá wá kọ? Mi ò ní òkú ní Niamey. Mo kọ Làmídì, bàbá mi. Mo kọ Sálámì, bàbá rẹ̀. Mo kọ Rámónù, mo kọ Bùráímọ̀, mo kọ Àlímì ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo parí, mo wò ó, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tò síbẹ̀ pẹ̀lú Gámbò àti Àjújì bí ará ilé kan náà.

Hájíà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Ó pé?"

Mo ní, "Ó pé dáadáa."

Oṣù ń gorí oṣù. Ìwé lọ, ìwé bọ̀. Nígbà kan Madame ní ọ́fíìsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní kì í ṣe tiwọn. Nígbà kan ó ní ẹni tó ń rí sí i ti yí ibi iṣẹ́ padà. Lójoojúmọ́, bí mo bá kí Hájíà tán, á ní, "Wọ́n ti kà á?" Màá ní, "Wọ́n ń wá awò ojú." Á rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Madame wọlé, kò jókòó. Fọ́ọ̀mù wa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ìjọba òyìnbó rán òpìtàn kan wá láti yẹ ẹ̀rí wò. Ọkùnrin náà fi ìka lé orúkọ márùn-ún. Ó ní orúkọ mùsùlùmí nìyí, bẹ́ẹ̀ ní àkókò yẹn, àwọn ará abúlé náà kò tíì gba ẹ̀sìn. Ó tún ní ẹnu Haúsá kì í pè é báyìí. Ó ní ta ló ń jẹ́ Làmídì ní Kọ́nì?

Hájíà gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀. "Ka gbogbo rẹ̀ fún mi."

Madame kà á. Nígbà tó dé ìkẹjọ, Hájíà yí ojú sí mi. Ó gbọ́ ọ títí dé ìkejìlá.

"Ta ni Rámónù?" ó bi mí.

"Hájíà, mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan ná ni."

"Ta ni Rámónù?"

"Àbúrò bàbá mi. Ibà ló pa á."

Madame ní, "Baba, ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Ogún abúlé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú ìwé yìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni irọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀kan, wọ́n á ní bí gbogbo yín ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ òpìtàn náà á jókòó, á yọ ti Hájíà kúrò. Bóyá á dúró síbẹ̀, bóyá kò ní dúró síbẹ̀."

Mo ní, "Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ wá sọ ọ́ fún un. Lójú gbogbo ènìyàn."

Hájíà dìde. Ó ní, "Ìyá ìyá mi wà nínú jéró fún ọjọ́ méjì, kò fi ẹyọ kan kún un. Ìwọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì." Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ agbádá mi tó funfun jù. Yàrá ńlá kan ni, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn níbẹ̀. Àwọn àgbà láti oríṣiríṣi abúlé jókòó lọ́tùn-ún, Hájíà wà láàárín wọn, òpìtàn náà wà lẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, imú rẹ̀ ti pọ́n nítorí oòrùn wa. Ó ti rẹ òun náà.

Mo ti múra ìtàn kan sílẹ̀ láti fi jáde nínú ọ̀ràn náà. Mo fẹ́ sọ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ márùn-ún ń kó ọjà kọjá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bá ìbọn pàdé. Ìtàn tó dùn ni. Ká ní mo pa á, wọn ì bá gbà á gbọ́. Mo wo Hájíà, kò wò mí.

Ni mo bá ní, "Èmi ni mo kọ orúkọ márùn-ún yẹn. Hájíà ò mọ̀. Bàbá mi ni Làmídì. Orí ẹní ló kú sí, nílé rẹ̀, àwa ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó sì ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́jọ́ náà. Òyìnbó kankan ò pa á. Kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn márààrùn-ún. Oníṣòwò aṣọ ni mí, mo rò pé ẹ ó ná an."

Madame túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo hùmọ̀ méje yòókù náà?"

"Torí bó bá jẹ́ èmi ni," mo ní, "Ìdòwú ni ǹ bá kọ, kì í ṣe Gámbò."

Kò yé e. Madame ò dá a dúró. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tan ohùn Hájíà. Gbogbo wa gbọ́ ọ, àti òkúta ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú àwo. Méje. Kò lé, kò dín. Àwọn àgbà lọ́tùn-ún ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tẹ̀lé e.

Òyìnbó náà mú gègé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń kà á sókè, ó ń fi àmì sí i. Ó pe Àjújì bí ẹni tí eyín ń dùn, àmọ́ ó pè é. Lẹ́yìn náà ó dé ìsàlẹ̀, ó sì fa ìlà gba orí bàbá mi kọjá. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wò ó. Ó fa Sálámì. Ó fa Rámónù. Mi ò mọ̀ pé òkú tó ti kú láti ọjọ́ yìí wá tún lè kú lójú ẹni.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Madame wá kà á fún wa. Ìjọba náà ní ohun tó ṣẹlẹ̀ burú jọjọ, ó sì dun àwọn, àwọn sì ṣetán láti máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí kò sí níbẹ̀. Orúkọ méje wà lẹ́yìn ìwé, ní ojú ewé tó kẹ́yìn, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rí yìí ní àtúnṣe. Àtúnṣe yẹn, èmi nìyẹn.

"Wọ́n kà á," Hájíà ní. Kò béèrè. Ó ń sọ ọ́ ni. "Mo gbọ́ ọ létí ara mi, lẹ́nu òyìnbó yẹn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Hájíà jáde pẹ̀lú igbá fúrá, ó gbé e síwájú mi. Ó ní, "Bàyárábè mi, mu ún. Mo ti ń pe àwọn márùn-ún tìrẹ náà bí mo bá kírun tán. Ẹ̀yìn Àjújì ni mo tò wọ́n sí. Òkú ò kọ èrò." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo mu fúrá náà títí mo fi kan ìdí igbá.

Ibí yìí ni mo ti parọ́. Ti olórí òyìnbó tó pè mí láago, ẹ ti mọ̀ fúnra yín, ti adìyẹ pẹ̀lú. Àwọn ìyẹn kì í ṣe irọ́, ẹnu ni. Àmọ́ kò sí fúrá. Hájíà ò gbé igbá kankan jáde, kò bá mi pe bàbá mi, a ò jọ rẹ́rìn-ín. Méje tó ń pè, méje ló ṣì ń pè, ó sì máa ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí mo bá ń kọjá. Kò lé mi kúrò nílé. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ó sì ń dá sálámà mi lóhùn, torí pé dandan ni kí mùsùlùmí dá a lóhùn. Ibi tó ń mọ nìyẹn.